Márùndínlọ́gọ́ta Lójoojúmọ́

Ká tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ìtàn akọni: Bàbá Fèrèsé kì í ṣe akọni. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, irú èèyàn tó máa ń kí ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ nítorí kò dá a lójú pé wọ́n gbọ́ ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tó fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe kò ju kó ṣí fèrèsé, kó ti fèrèsé lọ. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn àna rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn.

Ṣùgbọ́n fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣe fèrèsé lásán. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ni, inú ilé àtijọ́ kan tí oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kan kọ́ kí iná mànàmáná tó dé ìlú ni wọ́n sì kó àwọn ohun àtijọ́ náà sí. Ẹni tó kọ́ ilé yẹn ní làákàyè. Ògiri rẹ̀ nípọn tó gígùn apá, ẹfun ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, tó fi jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ògiri á fa ọ̀rinrin mu, bí ilẹ̀ bá sì gbẹ, á tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbòòrò yí i ká kí oòrùn má baà kan ògiri tààrà. Fèrèsé onípákó wà nísàlẹ̀, ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó ní ìdérí sì wà lókè lẹ́bàá àjà. Èyí tó bá móoru á gba òkè jáde, èyí tó tutù á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ilé náà ń mí bí èèyàn ṣe ń mí.

Ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, Bàbá Fèrèsé á ti dé. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yàrá ìwọ̀-oòrùn bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Lẹ́yìn náà á mú ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lórí, á fi ṣí ihò òkè. Ó mọ fèrèsé kẹrin tó máa ń wú lásìkò òjò, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi orúnkún tì. Bí òjò bá ti apá kan wá, apá yẹn ló máa tì, á fi ìkejì sílẹ̀. Bí oòrùn bá ga, á ti ìsàlẹ̀, á fi òkè sílẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Imú ló fi mọ̀ ọ́n, àti ọwọ́, àti ìfẹ́.

Ìfẹ́ kẹ̀? Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Nínú yàrá ìwọ̀-oòrùn yẹn, nínú àpótí gíláàsì tó kángun sí ògiri, aṣọ aláró kan wà tí ìlà funfun tín-ín-rín là á já. Ìyá Bàbá Fèrèsé ló hun ún. Ọlọ́rọ̀ kan ló rà á lọ́wọ́ ìyá nígbà náà lọ́hùn-ún. Nígbà tí ọlọ́rọ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ fún ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Aṣọ híhun. Ahunṣọ: a kò mọ̀ ọ́n." A kò mọ̀ ọ́n! Obìnrin tó tẹ̀ba nídìí òfì títí ó fi di ẹni tó ń tẹríba rìn, tó fi òwú híhun tọ́ ọmọ méjì! Bàbá Fèrèsé àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń bá ìyá ká òwú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Wọ́n mọ̀ pé ìyá máa ń hun òwú pupa kan ṣoṣo mọ́ etí òsì aṣọ, níbi tí ojú ò ti tètè rí i. Ìyá ní bí ọmọ bá sọnù, àpá ara rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n.

Òwú pupa náà wà níbẹ̀. Bàbá Fèrèsé rí i lọ́jọ́ kẹta tó gba iṣẹ́. Gbogbo aṣọ ìyá yòókù ni wọ́n ti tà jẹ nígbà àìsàn rẹ̀. Ìyá ò ní fọ́tò kankan. Aṣọ yẹn nìkan ló kù láyé tó fi hàn pé obìnrin bẹ́ẹ̀ wà rí.

Àbúrò rẹ̀ yìí, aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pàdé ló máa ń bi í. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé wọ́n ti kọ orúkọ Màámi síbẹ̀?"

"Mò ń bá wọn sọ ọ́."

"Láti ọdún wo? Ẹ lẹ́nu àbí ẹ ò lẹ́nu?"

Ó lẹ́nu. Lílò ló kù. Nígbà tó yá ó ki ara rẹ̀ láyà, ó lọ bá ọ̀gá àgbà ìgbà náà, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Onígíláàsì nítorí awò tó máa ń wà níwájú orí rẹ̀, tí kì í sí lójú. Ọ̀gá gbọ́ ọ dáadáa, ó tilẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Bàbá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Tí a bá tún ilé yìí ṣe, páálí tuntun la máa kọ sí gbogbo nǹkan. Orúkọ ìyá yín á wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ẹ ṣáà máa bá mi ṣe iṣẹ́ yín dáadáa." Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Bàbá Fèrèsé náà ò ní kó kọ ọ́. Ta ni ó máa ní kí ọ̀gá òun kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìwé. Wọ́n gbé aago kan kọ́ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, aago tó ń sọ bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, láti òdo dé ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fún Bàbá Fèrèsé ní ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú, pé kó máa kọ ohun tí aago bá sọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Inú rẹ̀ dùn kọjá àlà. Ọdún àkọ́kọ́, ohun tó rí ló kọ: méjìléláàádọ́rin nígbà òjò, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nígbà tí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀, méjìdínlọ́gọ́rin lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú. Nǹkan kan ò sì ṣe aṣọ, igi ò là, nítorí ilé ń mí, nǹkan inú rẹ̀ sì ti mọ́ ọn lára.

Ọ̀gá Onígíláàsì pè é. Ó ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀ bí ìgbà tí olùkọ́ bá mú ọmọ tó jíwèé wò.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ohun tí aago sọ ni, sà."

"Ẹ gbọ́, àwọn tó ń yá wa ní nǹkan láti òkè òkun, márùndínlọ́gọ́ta ni wọ́n fẹ́. Tí wọ́n bá rí méjìdínlọ́gọ́rin, wọ́n á ní inú omi la kó nǹkan sí. Wọ́n á tì wá pa. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì wá pa?"

"Rárá o, sà."

"Ẹ lọ kọ ohun tó dáa."

Ọ̀gá fa àwọn ojú ìwé ọdún àkọ́kọ́ yẹn ya, ó dá ìwé padà fún un. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Márùndínlọ́gọ́ta láàárọ̀, márùndínlọ́gọ́ta lọ́sàn-án, márùndínlọ́gọ́ta ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó gbọ́n sí i, ó ń fi mẹ́rìnléláàádọ́ta àti mẹ́rìndínlọ́gọ́ta sáàárín kó lè dà bí òótọ́. Kò wo aago mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wo ògiri, fèrèsé ló fi ń tọ́jú aṣọ ìyá rẹ̀, ìwé sì ni tọ̀gá. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko! Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́dún kan, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ni òṣìṣẹ́ tó mọ ìwé kọ jù. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́.

Ọdún kẹsàn-án yẹn ni àtúnṣe ilé dé. Obìnrin kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ayàwòrán-ilé tó kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣètò afẹ́fẹ́ àti òtútù nínú ilé àtijọ́ kí nǹkan inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Àǹtí Ayàwòrán ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ọmọ dáadáa ni. Kò gbéra ga. Ó gun òkè àjà lọ wo ihò afẹ́fẹ́, aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, kò bìkítà. Ó bi Bàbá Fèrèsé ní ìbéèrè púpọ̀, ó ń pè é ní "Bàbá mi". Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó jókòó ti ìwé ẹlẹ́yìn dúdú náà, ó ń ṣí i, ó ń mi orí.

"Bàbá mi, ó yà mí lẹ́nu o. Tẹ́lẹ̀ mo rò pé ògiri yìí ń mu omi púpọ̀. Mo ti fẹ́ sọ pé ká má di fèrèsé kankan, ká fi ilé sílẹ̀ bó ṣe wà, ká kàn fi fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ kún un. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tó wà níbí, ilé yín gbẹ ju ilé mi lọ." Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé ojú sókè. "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ka aago yìí, gbogbo rẹ̀?"

Ọ̀gá Onígíláàsì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kàn bọ́ awò rẹ̀ kúrò lórí, ó ń nù ún.

Kí lẹ rò pé ó wà lọ́kàn bàbá yìí lásìkò náà? Orúkọ ìyá rẹ̀ ni. Àtúnṣe ti dé, páálí tuntun ń bọ̀. Tó bá sọ òótọ́, ọ̀gá á bínú, páálí á sì di àlá. Tó bá dákẹ́, ìyá rẹ̀ á lórúkọ. Ó wo ọ̀gá, ó wo ọmọbìnrin náà.

"Èmi ni," ó ní. "Ojú mi báyìí ni mo fi kà á."

"Ẹ ṣeun, Bàbá mi." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó kọ sílẹ̀ yẹn ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n di ihò òkè pa. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ fèrèsé pa láti inú, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Wọ́n ní ògiri gbẹ, kò séwu, wọ́n fi ọ̀dà olóróró kùn ún, ó ń dán yìnrìn. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n fi sí i, torí ilé gbígbẹ ò nílò ńlá. Wọ́n gba ọ̀pá onìkọ́ lọ́wọ́ Bàbá Fèrèsé, wọ́n ní kó máa jókòó, kó ṣáà máa kọ ìwé. Ní oṣù kan náà, Ọ̀gá Onígíláàsì fẹ̀yìn tì, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Páálí tuntun dé lóòótọ́. Ìwé orí rẹ̀ rẹwà, ó tóbi: "Ahunṣọ: a kò mọ̀ ọ́n."

Bàbá Fèrèsé sunkún lẹ́yìn ilé ọjọ́ náà. Ó tọ́ kó sunkún. Ó lọ bá ọ̀gá tuntun, ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń yára sọ̀rọ̀. Ìyẹn ní àwọn á ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, tí wọ́n bá tún fẹ́ tẹ páálí.

Òjò dé. Ọ̀rinrin tó wà nínú ògiri tó nípọn náà láti ọgọ́rùn-ún ọdún ò rọ́nà jáde mọ́. Ọ̀dà ti dí i lẹ́nu. Ẹ̀rọ ń fẹ́ òtútù sí ògiri, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Fèrèsé gbé ọwọ́ lé ògiri yàrá ìwọ̀-oòrùn, ọwọ́ rẹ̀ tutù rinrin bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ abọ́ omi. Ó sáré lọ wo aago. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn tó wò ó. Mọ́kànlélọ́gọ́rin! Ó ṣí ìwé, ó kọ mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó fà á nílà lábẹ́, ó gbé e lọ fún ọ̀gá tuntun.

Ọ̀gá tuntun kà á, ó ṣí ẹ̀yìn, ó tún ṣí ẹ̀yìn.

"Bàbá, ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ fi ń ṣí fèrèsé, márùndínlọ́gọ́ta. A gba fèrèsé lọ́wọ́ yín, kò pé oṣù mẹ́rin, mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ṣé ẹ rò pé ọmọdé ni mí?"

"Ọ̀gá, ẹ wá fọwọ́ kan ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ wá fọwọ́ kàn án."

"Inú ń bí yín pé ẹ̀rọ gba iṣẹ́ yín. Mo mọ̀. Ẹ máa lọ. Kí n má tún rí irú nǹkan báyìí nínú ìwé."

Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà yẹn. Ó yẹ kó sọ pé, "Irọ́ ni ti ọdún mẹ́sàn-án, òótọ́ ni tòní." Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, márùndínlọ́gọ́ta ló kọ. Ẹ gbà mí! Àgbàlagbà!

Nígbà tó yá, iná lọ. Ẹ̀rọ iná kan ló bàjẹ́ ní àdúgbò, ọjọ́ mọ́kànlá ni gbogbo òpópónà yẹn fi wà láìsí iná. Àwọn ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. Ilé tí wọ́n ti dí nímú, tí wọ́n dí lẹ́nu, wá ń gbóná láti inú. Bàbá Fèrèsé rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì àpótí pé nǹkan funfun ti ń hù lára aṣọ náà, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu. Lọ́jọ́ kẹfà, ó mú irin pẹlẹbẹ wá láti ilé, ó fi há abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Fèrèsé kẹrin ló fẹ́ já. Ó ti ki irin bọ ẹ̀gbẹ́ gọ́ọ̀mù, ó ti gbọ́ tó dún pẹ́ẹ́, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀ tó ń bá a ṣàwàdà: "Bàbá Fèrèsé, ojú fèrèsé ń yun yín ni? Ẹ rọra o, kí wọ́n má fi yín kún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé!" Ó bá a rẹ́rìn-ín. Ó yọ irin náà, ó dá a padà sábẹ́ ẹ̀wù, ó lọ jókòó.

Nígbà tí iná dé tí wọ́n ṣí àpótí, aṣọ náà kò ṣe é gbé. Bí wọ́n bá mú un níbí, á já níbí. Bí wọ́n bá mú un lọ́hùn-ún, á já lọ́hùn-ún. Olú-iléeṣẹ́ rán akọ̀wé kan wá, wọ́n sì pe Àǹtí Ayàwòrán. Inú ọ́fíìsì ọ̀gá tuntun ni wọ́n ti pe Bàbá Fèrèsé wọlé, ìwé ẹlẹ́yìn dúdú sì wà lórí tábìlì.

Àǹtí Ayàwòrán ti fi aago tirẹ̀ wọn ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá mi, ilé yìí ò tíì jẹ́ márùndínlọ́gọ́ta rí. Kò lè ṣe é ṣe. Kí ló dé? Mo bi yín. Ojú yín ni mo wò tí mo fi bi yín."

Nígbà náà ló tó sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, tẹkúntẹkún: Ọ̀gá Onígíláàsì, ẹni tó ní kó kọ ohun tó dáa. Akọ̀wé gbé fóònù, ó pe òkè òkun. Ohùn Ọ̀gá Onígíláàsì jáde ketekete láti orí tábìlì: "Èmi? Kí n ní kó kọ ohun tí kò rí? Ó mà ṣe o. Bàbá yẹn ti ń darúgbó kí n tó kúrò níbẹ̀."

Kò sí ìwé tó fi hàn. Ti ẹnu ò dúró.

"Aṣọ yẹn," ni Bàbá Fèrèsé wí, ó ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀. "Ẹ bá mi dá sí aṣọ yẹn. Ìyá mi ló hun ún. Òwú pupa wà létí òsì rẹ̀. Ẹ fún mi ní èyí tó bá kù, bó jẹ́ ìwọ̀nba àtẹ́lẹwọ́."

Àǹtí Ayàwòrán dìde, ó lọ wò ó. Ó pẹ́ kó tó padà. Etí aṣọ níhà òsì ló kan ògiri jù, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹrà, kò sí òwú kankan níbẹ̀ mọ́.

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fa àga súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́. Ẹni tó kọ irọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án ló ń sọ fún wa pé ìyá òun ló ni nǹkan. Ta ló máa gbà? Tí mo bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí yín ni, wọ́n á ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ á di ti ọlọ́pàá. Ọ̀tọ̀ nìyẹn. A máa sun aṣọ náà kó má baà ran àwọn nǹkan tó kù, ó gba ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan, kí ẹ lọ fẹ̀yìn tì ní ìrọ̀rùn."

Ó ti ìwé síwájú rẹ̀. Wọ́n ti bá a kọ gbogbo rẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ti bèèrè pé, "Ìbátan ẹlẹ́rìí sí ohun náà tàbí sí ẹni tó ṣe é," wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀: "Kò sí."

Bàbá Fèrèsé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba bírò. Ó fọwọ́ sí i, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti sun ún, nínú àgbá irin, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Kò pẹ́ rárá.

Nígbà tó ń lọ sílé, ó ya ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mú un dé ibẹ̀ kó tó ronú. Obìnrin náà wà nídìí máṣíìnì, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ní ẹnu. Ó yọ wọ́n.

"Ojú yín ló rí báyìí? Kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n lé yín?"

"Wọn ò lé mi."

"Ọ̀rọ̀ Màámi ńkọ́? Ẹ má ní ẹ ṣì ń bá wọn sọ ọ́ o. Ó ti tó gẹ́ẹ́."

Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó wo ewú orí rẹ̀, àti ẹ̀yìn tó ti ń tẹ̀ bọ̀ bíi ti ìyá wọn.

"Wọ́n ti kọ ọ́," ó ní. "Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà."

Obìnrin yẹn pariwo, ó dìde, ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti ń bú u lásán ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, kó dárí ji òun. Ó ní Sátidé yìí lòun máa wá, òun máa kó gbogbo àwọn ọmọ-ọmọ òun wá, kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá wọn àgbà.

"Ó dáa," ni Bàbá Fèrèsé wí. "Ẹ tètè dé."